Ìwòsàn Bẹ̀rẹ̀ Láti Ojú: Ohun Tí Dókítà Ń Kọ́ Nínú Mùsíọ́mù

Ẹ̀yin àgbà olùkọ́ wa, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti wá jókòó síbí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń lo mùsíọ́mù, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kó àwòrán àti ère sí, láti fi kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì níṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń bi ara wọn pé kí ló kan dókítà kan àwòrán ara ògiri. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ obìnrin kan fún yín, nítorí òun ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà nígbà náà, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní í dárúkọ. Obìnrin ọlọ́jà kan, tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, máa ń wá sí kílíníìkì wa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ṣúgà rẹ̀ ga, orí sì ń fọ́ ọ. À ń fún un lóògùn, à ń ní kó dín iyọ̀ kù, à ń ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Èmi fúnra mi ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé n kò rí ohun tuntun kankan lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan fáìlì yẹn sọnù, ó sì di dandan kó lọ gba òmíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú káàdì. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá. Ọkùnrin náà wo fọ́tò orí káàdì, ó wo ojú obìnrin náà, ó tún wo fọ́tò, ó wá ní, “Ẹ má bínú o, Mà, ṣé ẹ̀yin náà nìyí?” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni, pé ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí òun ti ya fọ́tò yẹn, àgbà ló ń dé. Akọ̀wé náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó mú káàdì náà dání, ó tẹ̀ lé e wá sí yàrá tí mo wà, ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí.”

Mo wò ó. Nínú fọ́tò, imú rẹ̀ rí tín-ín-rín, àgbọ̀n rẹ̀ sì kéré. Lójú tó wà níwájú mi, imú ti fẹ̀, ètè ti nípọn, egungun òkè ojú ti yọ síta, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sì ti gùn débi pé eyín ìsàlẹ̀ ti wà níwájú eyín òkè. Ìgbà yẹn ni mo tó rí òwú dúdú kan lọ́rùn rẹ̀, tí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ so rọ̀ sórí rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sí ìka. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tí kò ti wọ ìka òun mọ́, òun sì rò pé òun ń sanra ni. Bàtà ńkọ́? Ó ní bàtà òun kò gba ẹsẹ̀ òun mọ́, ti ọkọ òun ni òun ń wọ̀ lọ sọ́jà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Acromegaly ni. Kókó kékeré kan hù lára ẹṣẹ́ kan tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ nísàlẹ̀ ọpọlọ, ẹṣẹ́ yẹn sì ń tú họ́mọ́ònù ìdàgbàsókè sínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Òun ló wà nídìí ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ló wà nídìí ṣúgà, òun náà ló ń fọ́ ọ lórí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ibòmíràn. Egungun tó ti gùn kò padà, nítorí kì í padà, ṣùgbọ́n ara ìka fọn, òrùka sì padà sí ààyè rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Akọ̀wé yẹn kò kàwé ìṣègùn. Ohun tó ní tí èmi kò ní ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ní kó wo ojú ènìyàn, kó wo àwòrán ojú náà, kó sì sọ bóyá méjèèjì jọra. Wọ́n fi wíwò sí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi tí orúkọ iṣẹ́ mi gan-an jẹ́ wíwò, ìwé ni mò ń wò. Ẹ gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń pe iṣẹ́ yìí: ìwòsàn. Bí ara ẹnì kan bá yá, a ó ní dókítà wò ó sàn. Bí a bá ń tọ́jú aláìsàn, à ń wò ó ni. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà yìí ló wà nínú àwòrán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, tó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, tú àwòrán sí ohun tí à ń wò láti fi rántí. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn kan ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí ilé àwòrán, kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kàn án.

Ìlú New Haven ni ọ̀kan nínú àwọn tó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ gidi wà, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa àrùn awọ ara ni Irwin Braverman ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yale. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn dókítà tó ń kọ́ lábẹ́ òun máa ń rí ohun tí wọ́n ti há sórí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá ohun tí ìwé kò sọ pàdé lára aláìsàn, ojú wọn á fò ó. Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn kíákíá. Ó wá rò ó pé bí òun bá gbé ohun tí wọn kò mọ̀ rárá síwájú wọn, wọn kò ní í lè fo ohunkóhun, nítorí wọn kò mọ èyí tó ṣe pàtàkì àti èyí tí kò ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọjà kan rí, gbogbo ìsọ̀ ló máa ń yọjú wò. Ní nǹkan bí ọdún 1998, òun àti Linda Friedlaender, tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní mùsíọ́mù Yale Center for British Art, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ lẹ́ẹ̀kan. Olúkúlùkù á gba àwòrán kan, èyí tó ní ènìyàn nínú, tí nǹkan sì ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kó ka orúkọ àwòrán tàbí ìtàn tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á dúró síwájú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́yìn náà á ṣàpèjúwe gbogbo ohun tó rí fún àwọn yòókù, kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó rò títí yóò fi sọ ohun tó rí tán. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè dà bí ohun kékeré. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní níwájú àwòrán kan ṣoṣo nínú ilé yín. Ní ìṣẹ́jú kejì, ẹ ó rò pé ẹ ti rí gbogbo rẹ̀ tán. Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, ara yín á máa yún yín láti gbé fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú tó máa ń ṣí.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ọ̀kan lára iṣẹ́ tó wà nínú àkójọ mùsíọ́mù náà. Ayàwòrán Henry Wallis ló yà á, ẹ̀dà méjì ló sì wà. Èyí tó tóbi jù, tó yà ní ọdún 1856, wà ní mùsíọ́mù Tate ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó kéré sì wà ní Yale. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irun rẹ̀ pọ́n nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì tóóró kan nínú yàrá òkè àjà. Fèrèsé kékeré wà lókè orí rẹ̀, òrùlé ìlú ńlá sì hàn lókèèrè. Ọrùn ẹ̀wù funfun rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà láyà, èkejì já wálẹ̀ kan ilẹ̀. Àpótí kan ṣí sílẹ̀, bébà tí wọ́n ti ya wẹ́wẹ́ fọ́n ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgò kékeré kan wà nílẹ̀. Iná àbẹ́là ti kú, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ṣì ń rú tín-ín-rín.

Bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, ọ̀kan á ní ó ń sùn. Òmíràn á ní ọtí ló pa á. Ẹ̀kẹta á ní ó ti kú. Kò sí èyí tí a ó gbà tàbí kọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjẹ́ pé ẹni tó sọ ọ́ tọ́ka sí ohun tó rí. Ẹni tó ní ó ń sùn á wo apá tó já sílẹ̀, á bi ara rẹ̀ bóyá ẹni tó ń sùn lè fi orí kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ó ti kú á wo àwọ̀ ojú rẹ̀, tó ti ṣì kúrò lójú pupa ẹni tó wà láàyè, á sì wo ìgò. Èéfín àbẹ́là á wá sọ nǹkan kan fún gbogbo wọn nípa àkókò: ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tíì pẹ́. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni wọ́n á tó gbọ́ pé Thomas Chatterton ni, ọmọ ọdún 17 tó ń kọ ewì, tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1770 lẹ́yìn tó mu májèlé arsenic. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ ka orúkọ àwòrán náà. Wọn ì bá ti rí òkú kí wọ́n tó wo ohunkóhun. Bí a ṣe ń ṣe sí aláìsàn tí wọ́n ti kọ àrùn sórí fáìlì rẹ̀ nìyẹn: àrùn tí wọ́n kọ ni a ó rí.

Ilé mùsíọ́mù Yale náà fúnra rẹ̀ tún kọ́ mi ní nǹkan kan. Louis Kahn ló ya bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ọdún 1977 ni wọ́n ṣí i, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló sì ń ti òrùlé wọlé sí àjà òkè pátápátá, kí àwọ̀ àwòrán lè hàn bó ṣe rí. Mélòó nínú àwọn wọ́ọ̀dù wa ni wọ́n ro ìmọ́lẹ̀ sí? Ibà pọ́njú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lójú, abẹ́ gílóòbù aláwọ̀ òféèfèé kò ní í jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ mú aláìsàn súnmọ́ fèrèsé.

Ní ọdún 2001, àwọn ará Yale tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, JAMA. Wọ́n fi fọ́tò aláìsàn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì wo ohun tí wọ́n lè ṣàpèjúwe ṣáájú ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Àwọn tó lọ sí mùsíọ́mù tẹ̀ síwájú ju àwọn tó gba ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní Philadelphia, àwọn ará Yunifásítì Pennsylvania ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní 36. Wọ́n fi ìbò yan 18 nínú wọn lọ sí Philadelphia Museum of Art lẹ́ẹ̀mẹ́fà, wákàtí kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn 18 yòókù kò lọ. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018 nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ojú. Àwọn tó lọ ló mọ àwòrán ṣàpèjúwe jù, wọ́n sì mọ fọ́tò àrùn ojú àti ti ẹ̀yìn ẹyinjú ṣàpèjúwe jù pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní àrùn ojú nínú mùsíọ́mù. Ènìyàn 36 kò pọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo bí ohun tí wọ́n náwó lé ṣe kéré tó: wákàtí mẹ́sàn-án péré nínú gbogbo ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò.

Ní Boston, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard ní tiwọn, tí Joel Katz, tó jẹ́ dókítà ní Brigham and Women's Hospital nígbà náà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Wọ́n ń so ohun tí ayàwòrán ń wò mọ́ ohun tí dókítà ń wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlà àti ìdọ́gba apá ọ̀tún àti apá òsì nínú àwòrán, ọjọ́ náà ni wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ iṣan ara tó ń darí ojú wò. Ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìpéǹpéjú tó sọ̀ díẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tẹ́jú níbi tó yẹ kí ìlà wà: ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ni gbogbo wọn.

Wọ́n ń lo ọ̀nà kan tí onímọ̀ ìhùwàsí Abigail Housen àti Philip Yenawine, tó jẹ́ olórí ètò ẹ̀kọ́ ní Museum of Modern Art ní New York tẹ́lẹ̀, gbé kalẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí? Kí lẹ rí tó mú yín sọ bẹ́ẹ̀? Kí ni a tún lè rí? Olùkọ́ kì í sọ pé o gbà á tàbí o ṣì í. Á tún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ sọ lọ́nà mìíràn kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ, á fi ìka tọ́ka sí ibi tó ń sọ, á sì bi ìbéèrè kejì. Ìbéèrè kejì yìí ni mo kà sí ọba nínú wọn. Bí ọmọ kan bá sọ fún mi lórí wọ́ọ̀dù pé “ìyá yìí kò fẹ́ lo oògùn,” tí mo bá bi í pé kí lo rí tó mú ọ sọ bẹ́ẹ̀, ìgbà mìíràn yóò jẹ́ pé kò rí ohunkóhun. Nọ́ọ̀sì àárọ̀ ló sọ ọ́ fún ti ọ̀sán, ti ọ̀sán sọ ọ́ fún ti alẹ́. Ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó rí i pé oògùn ṣì kún inú páálí. Ìyẹn ni ohun tó rí. Pé kò fẹ́ lò ó ni ohun tó rò. Ó lè jẹ́ pé ojú ìyá náà kò ríran ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí.

Nǹkan mìíràn wà tí n kò retí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi lọ, òun ni mo sì wá fẹ́ràn jù. Ẹ mọ bó ṣe ń rí nílé ìwòsàn wa. Bí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Nọ́ọ̀sì tó ti bá aláìsàn sùn mọ́jú, tó mọ̀ pé èémí rẹ̀ yí padà ní bí agogo mẹ́ta òru, á dákẹ́ nítorí dókítà kò bi í. Yorùbá ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ìmẹ̀tọ́ ni láwùjọ, ṣùgbọ́n lórí wọ́ọ̀dù ó ń pààyàn. Níwájú àwòrán, kò sí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìdáhùn. Mo ti rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó kéré jù láàárín wa tọ́ka sí ọwọ́ ọmọdé kan tó yọ lẹ́yìn aṣọ ìyá rẹ̀ nínú àwòrán, tí èmi àti àwọn dókítà méjì kò rí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin yẹn kan náà sọ̀rọ̀ lórí wọ́ọ̀dù, a sì gbọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ìkìlọ̀ kan. Àwọn dókítà kan fẹ́ràn láti máa wá àrùn kiri nínú àwòrán àtijọ́: wọ́n á ní ọ̀rá ló kóra jọ sí ẹ̀bá ojú obìnrin yìí, wọ́n á ní jẹjẹrẹ ló wà lọ́yàn tọ̀hún. Ó dùn ún ṣe, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ wá padà di ohun tí a jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń sáré lọ bá orúkọ àrùn. Mo fẹ́ràn kí a wo àwòrán Rembrandt ti ọdún 1632, tó wà ní mùsíọ́mù Mauritshuis ní ìlú The Hague, èyí tí Dókítà Tulp ti ń la apá òkú han àwọn ọkùnrin 7. Ẹ má wá àrùn níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ojú àwọn ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ara yín pé mélòó nínú wọn ló ń wo ara tó wà nílẹ̀. Ìwé ńlá kan ṣí sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ òkú náà. Ojú àwọn kan ń lọ sọ́nà ibẹ̀, àwọn kan sì ń wo àwa tí à ń wò wọ́n.

Ẹnìkan lè ní New Haven àti Boston jìnnà, pé a kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. A ní. Mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ wà ní Oníkan ní ìlú Èkó láti ọdún 1957, òmíràn wà nítòsí ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí Yemisi Shyllon fi orúkọ rẹ̀ sọ wà ní Yunifásítì Pan-Atlantic láti ọdún 2019. Mo tilẹ̀ rò pé iṣẹ́ àwọn baba wa yẹ wá ju ti Yúróòpù lọ fún ẹ̀kọ́ yìí, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ara funfun ni ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn tí a kà fi kọ́ wa. Wọ́n ní èélá á pọ́n. Lára wa, ó lè dúdú sí i, ó lè rí bí àwọ̀ elésè àlùkò. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó á funfun lójú. Lára wa, àtẹ́lẹwọ́, ètè àti inú ìpéǹpéjú ni ẹ ó ti wá a. Ojú tó bá ti dúró pẹ́ níwájú igi dúdú, níwájú idẹ àti amọ̀ tí iná ti jó, tó ti kọ́ láti mọ oríṣi dúdú mẹ́fà sí méje yàtọ̀ síra, yóò wúlò fún wa lórí wọ́ọ̀dù.

Ẹ mú orí idẹ Ifẹ̀. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ hú orí idẹ jáde, ọ̀kan nínú wọn sì ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1939. Nínú irú orí bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti iwájú orí wá sí àgbọ̀n láìkan ètè. Lára àwọn kan, ihò wẹ́wẹ́ tò yí ẹnu ká tàbí kó tò sí ìdí irun. Ìlà ni ẹ rí. Pé ilà ojú ni, ìyẹn ohun tí ẹ rò ni. Àwọn onímọ̀ kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ní òjìji ìlẹ̀kẹ̀ tó máa ń já wálẹ̀ láti ara adé ni. Ihò ni ẹ rí. Pé irùngbọ̀n tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ọn, ẹ ṣì ní láti sọ ohun tó mú yín sọ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ère amọ̀ Ifẹ̀ àtijọ́ bákan náà, àwọn kan wà tó fi ara tí àìsàn ti yí padà hàn wá, ìyẹn nígbà tó jẹ́ pé orí àwọn ọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń dán, tó dọ́gba, tó pé. Ẹni tó mọ wọ́n jókòó ti aláìsàn, ó sì wò ó dáadáa kó tó fọwọ́ kan amọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò owó púpọ̀. Ẹ má kó ju akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ wò ní wákàtí kan àbọ̀. Ẹ sọ fún àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣàlàyé títí ẹ ó fi parí, èyí tí kì í rọrùn fún wọn nítorí wọ́n fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń tọ́jú. Fóònù kò gbọdọ̀ wọlé. Ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù ni kí olúkúlùkù mú dání.

Ìgbà tí mo kó àwọn kan lọ gbẹ̀yìn, ère ìbejì kan ni a dúró tì, kò ju gígùn ọwọ́ àti apá iwájú lọ, wọ́n sì gbé e sínú àpótí onígíláàsì tí ènìyàn lè yí ká. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Sà, ẹni tó gbẹ́ ẹ kò mọṣẹ́ dáadáa.” Mo bi í pé kí ló rí tó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ojú rẹ̀ kò hàn, imú rẹ̀ tẹ́, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Mo tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, mo ní kí ni a tún lè rí. A dákẹ́ díẹ̀. Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó yí i ká lọ sí ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ wo irun rẹ̀. Dídì rẹ̀ ṣì mú, ẹ lè kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà mú. Ọwọ́ kan ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Ojú nìkan ni wọ́n ti fọ̀ lọ.” Ẹlòmíràn rí osùn tó gbẹ sínú kọ̀rọ̀ láàárín apá àti ìhà rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló ń fọ ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ dáhùn. Ọmọbìnrin náà wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ìyá rẹ̀ ni, ìyá tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ kú, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń fi osùn pa á lára bíi ti èyí tó wà láàyè, fún ọdún púpọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin náà ṣí ìwé kékeré rẹ̀. Ó fa ìlà la ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ já, ó sì kọ síbẹ̀ pé: ojú ti fọ̀ tán, irun ṣì mú.